Agbẹnusọ Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti gbọ́ oògùn? Àwa náà wà láàyè. Bàbá Abẹ́rẹ́ ní kí n kí yín. Ìlú kejì ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ń fojú kàn án. Nínú èdè ibí, kò tíì mọ̀ ju "gbé e síbí" àti "gbé e kúrò níbẹ̀" lọ, ìyẹn náà ló sì ń bọ́ ọ.

Èmi ṣì wà ní ilé ìfọṣọ. Aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì la ń fọ̀, tí a ń lọ̀. Ooru inú ibẹ̀ tó fi se ẹyin, bí mo bá sì bọ́ síta, òtútù a gbá mi létí.

Ẹ ò ní dá Abẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ yín, mọ̀ mọ́. Èdè tí èmi ti ń bá jà láti ọdún méjì tí a ti dé, ọmọ ọdún mẹ́wàá ti gbọ́ ọ já. Òun ló ń bá mi bá onílé sọ̀rọ̀, òun ló ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé, òun ló lọ bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ òru. Agbẹnusọ ni mo ń pè é báyìí, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Bí a bá ti dé ibì kankan, màá kàn tì í síwájú, màá ní, "Agbẹnusọ, ó yá."

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Wọ́n pè wá sí ilé ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n lẹ bébà gbàgàdà kan mọ́ ara ògiri, mo ní kó kà á fún mi, ó ní ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ síbẹ̀: ẹ̀tọ́ láti ṣeré, ẹ̀tọ́ láti sinmi, ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀tọ́ láti sinmi, nígbà tí èmi tí mo bí i kò ní irú ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ní kó fọ abọ́, á ní, "Mọ́mì, ẹ̀tọ́ mi ńkọ́?" Mo ní ẹ̀tọ́ rẹ wà lábẹ́ abọ́, fọ̀ ọ́ kí o lè rí i.

Olùkọ́ rẹ̀ náà bá wa sọ̀rọ̀. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó fajú ro, ó ń fi ìka ka nǹkan, ó tún sọ̀rọ̀. Mo bi Agbẹnusọ pé kí ló wí. Ó ní, "Ó ní mò ń gbìyànjú." Inú mi dùn gan-an.

Ikùn mi nìkan ni kò fara rọ. Ó wúwo, ó ń ga sókè, nǹkan oṣù mi sì ń ṣe ségesège. A óò lọ sí ilé ìwòsàn lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti Agbẹnusọ mi.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

O kú àjò, o kú ara líle. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ti rò pé ìwé ti wọ́n níbẹ̀ ni. Má sì sọ fún mi pé o pè mí lórí fóònù. Etí tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti kùn sí láti ìgbà ọmọge kì í gbọ́ fóònù. O sọ̀rọ̀ o, mo kàn ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" kí ojú má tì mí ni. Bébà ni kí o máa bá mi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tí o sọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ní tèmi o, ẹ̀tọ́ ọmọdé kò ju mẹ́ta lọ: kó jẹun, kó lọ sílé ìwé, kó dákẹ́ tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé ìyá ìyá rẹ̀ ló wí bẹ́ẹ̀, kó lọ kọ ọ́ mọ́ tara ògiri.

Ṣùgbọ́n kí ni Agbẹnusọ? Agbẹnusọ ni ẹni tó ti hu ewú, tó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ àti èyí tó yẹ ní gbígbé mì. Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ọmọ mi, nítorí ojú rẹ̀ mú, òun ló máa ń bá mi wá abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Ta ló ní kí o pa orúkọ mi dà?

Ohun kan tún ta mí létí. Olùkọ́ sọ̀rọ̀ títí, ó fajú ro, ó fi ìka ka nǹkan, gbogbo rẹ̀ wá di "mò ń gbìyànjú"? Aṣọ ọ̀pá mẹ́wàá kì í di fìlà ọmọ ìkókó bí kò bá sí ẹni tó gé e. Béèrè ibi tí ìyókù aṣọ wà.

Ní ti ikùn yẹn, tètè lọ. Má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí o bá débẹ̀, kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ilé o. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ẹ bá mi yọ̀.

A ti lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi nǹkan tútù pa mí níkùn, ó ń fi ẹ̀rọ kan rìn lórí rẹ̀, àwòrán dúdú àti funfun ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó kọjú sí Agbẹnusọ, ó bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá nǹkan, ó wá ní, "Mọ́mì, wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ilé ọmọ yín. Ó ń dàgbà."

Mo kígbe. Mo dìde tòun ti nǹkan tútù lára, mo dì mọ́ dókítà. Ó dúró gbagidi bí òpó iná, ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ibí kì í tètè yọ̀. Màmá, láti orí Abẹ́rẹ́, mo ti gbà pé kò sí òmíràn mọ́. Ẹ rántí gbogbo ohun tí àwọn ẹbí ọkọ mi ti sọ sí mi. Wọ́n fún mi ní oògùn tí yóò máa fún mi lẹ́jẹ̀. Agbẹnusọ ní wọ́n ní kí a padà wá. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Abẹ́rẹ́, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Owú ló kàn ń jẹ ọmọ yín. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ń wo ikùn mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Lánàá ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ ọmọ náà gan-an?" Mo ní kò sí ohun tí mo tún fẹ́ láyé jù ú lọ. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, kò tètè jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán aṣọ kéékèèké díẹ̀. Èyí tó bá ti ọwọ́ yín wá ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi, ọlọ́mọ,

O kú àjò, o kú oríire. Mo gbé aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n máa bínú. Aṣọ ọmọ mi ni mo gbé sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ti rán mẹ́rin, aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí mo fi òwú funfun dárà sí lára, tí ó ń wu èmi gan-an.

Mo fi lẹ́tà rẹ han nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wa. Ó bá mi yọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: oṣù mélòó ni? Ṣé ọlẹ̀ ti sọ? Oṣù wo ni wọ́n dá fún ìkúnlẹ̀? Mo wo lẹ́tà rẹ lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mi ò rí ìkankan níbẹ̀. Ohun tí dókítà wí nìkan ni mo rí: nǹkan kan wà, ó ń dàgbà. Ta ló ń pe ọmọ ní nǹkan kan? Bóyá ọjọ́ ogbó ló ń yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí mi, kí o sì dáhùn gbogbo ìbéèrè náà.

Bá mi wo Abẹ́rẹ́ dáadáa. Owú kì í gbé oúnjẹ lọ lẹ́nu ọmọ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Màmá,

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín pé kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọlẹ̀ kò tíì sọ. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń sùn nínú ìyá wọn.

A ti padà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ya àwòrán sórí bébà, ó fa ìlà kan kọjá lára rẹ̀. Agbẹnusọ ní wọ́n ní kí n máa sinmi. Ta ló fẹ́ fún mi nísinmi? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òòyì kọ́ mi níwájú irin ìlọṣọ, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé mi jókòó. Ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára mi. Mo gbọ́ pé ó máa ń ṣe àwọn aboyún mìíràn bẹ́ẹ̀.

Agbẹnusọ ti di alágídí. Tí mo bá ní kí a jáde lọ síbì kan, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Mo ti bá a wí gidi. Òun náà ni mo ń rán lọ sọ lẹ́tà yìí sínú àpótí. Ó gbà wéré, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ lónìí.

Èmi ni ọmọ yín.


Nínú àpò ìwé kan náà

Màmá àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni, Abẹ́rẹ́. Mọ́mì ní kí n lọ sọ lẹ́tà yín sínú àpótí, mo ká tèmi mọ́ ọn. Wọn ò mọ̀.

Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tó ń dàgbà nínú ilé ọmọ tí kì í ṣe ọmọ? Nígbà tí dókítà sọ ọ́, mo wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Èyí tí mo mọ̀ ni mo sọ. Mo sọ "nǹkan kan", mo sọ "ó ń dàgbà". Irọ́ kọ́ ni mo pa. Kí n tó sọ ìyókù, Mọ́mì ti pariwo, wọ́n ti dì mọ́ dókítà. Dókítà bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń yọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní àfi kí wọ́n la Mọ́mì nínú kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí pé wọ́n lè má bímọ mọ́. Mo sọ fún Mọ́mì pé wọ́n ní kí wọ́n máa sinmi. Ìyẹn ni irọ́ tí mo pa.

Màmá àgbà, tí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ náà ṣì wà. Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo pa á. Mọ́mì ti ń kọrin báyìí tí wọ́n bá ń se oúnjẹ. Wọn kì í kọrin tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ kí n lè pè é dáadáa. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀, màá sọ ọ́. Ẹ má sọ fún Mọ́mì pé mo kọ̀wé.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ìyá Abẹ́rẹ́,

Mi ò ní kí ọ lọ títí lónìí. Rán ọmọ náà síta kó lọ ṣeré, ti ilẹ̀kùn, jókòó, kí o tó ka ìyókù.

Kì í ṣe oyún. Ìju ni, ẹran tó ń hù nínú ilé ọmọ, nọ́ọ̀sì ló bá mi dá a mọ̀. Ọmọ náà kọ̀wé sí mi, ó ká a mọ́ tìrẹ. Dókítà ti sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ. Ó sọ pẹ̀lú pé o lè má bímọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òòyì tó ń kọ́ ọ yẹn àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ lẹ́rán wò, wọ́n lè pa ọ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ti sunkún tìrẹ kí n tó mú bírò. Mo ti nu ojú mi. Inú ló ń bí mi báyìí, màá sì sọ ọ́ tán.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ta ló wá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ mi kó gbé e mì? Dókítà tó kàwé, tó wọ aṣọ funfun, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n máa là á nínú. Ó ní kó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú kò tì í. Ṣé kò sí àgbàlagbà kankan nínú ilé náà ni, tàbí gbogbo wọn ti sá lọ tí wọ́n fi ọmọdé sílẹ̀ ṣọ́lé?

Ìwọ náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi. O ní owú ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tó ru ìbẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ lórí, tó ń bá ọ lọ, tó ń bá ọ bọ̀, o jókòó o ń pè é ní alágídí. Inú tó ń run ún yẹn, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ibo ni kó gbé e sí?

Mo sọ níjelòó pé ẹ̀tọ́ ọmọdé ni kó dákẹ́ tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ìwọ lo gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ lo tì í síwájú tí o ní ó yá. Bébà ara ògiri tí o fi rẹ́rìn-ín yẹn, tí èmi náà fi rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ kí o padà lọ síbẹ̀ kí o bá mi fi ọ̀kan kún un: ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti má mọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gba etí ọmọdé kọjá, áḿbọ̀sì kí wọ́n gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n fi àmì sí i, ó ní tó bá rọ̀ òun á sọ ọ́. Àwọn ìyá wa tilẹ̀ máa ń pè é ní oyún ìju. Bí àwa àgbà bá lè fi ẹnu ara wa pè é ní oyún, kí lo fẹ́ kí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n pè é? Mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Òun kò ní í lò ó.

O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. O ò gbọdọ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun kọ̀wé, mo sì sọ ọ́. Èmi ni kó bínú sí. Lọ sí ilé ìwòsàn náà láìmú un dání. Dúró síbẹ̀ kí o yadi mọ́ wọn lọ́wọ́, títí wọ́n á fi wá àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá wá.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Ọmọ mi,

O ò fèsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi gbóná. Bínú sí mi, mo gbà, ṣùgbọ́n bínú náà sórí bébà kí n rí i. Mi ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá báyìí torí pé mo ń dá a dúró jù.

Èmi ni ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Màmá,

Mo bínú sí yín lóòótọ́. Mo ka lẹ́tà yín tán, mo sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ẹ wà níbẹ̀ yẹn nídìí ẹ̀rọ yín, ẹ ń béèrè ẹni tí mo tì síwájú. Ta ni kí n tì síwájú? Bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀ ju gbé e síbí lọ? Ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn àgbà máa wò bí ewúrẹ́ níwájú ẹni tó kéré sí i. Mo bínú, mo lọ síbi iṣẹ́, mo padà dé. Nígbà náà ni mo wá sunkún ọmọ tí kò sí, tí mo ti sọ lórúkọ nínú ọkàn mi.

Mo rú òfin yín. Mo bi í. Mo ní, "Abẹ́rẹ́, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ń kọrin." Mi ò fọwọ́ kàn án, Màmá. Mi ò rí ọwọ́ tí mo fẹ́ fi kàn án.

Mo dá lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, mo ní rárá. Ó tọ́ka sí àga, mo ní rárá. Ó wá fi ọwọ́ wọn gíga ọmọdé láfẹ́fẹ́, ó ń béèrè Agbẹnusọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀! Dókítà jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, òun náà fi ọwọ́ wọn ọmọdé láfẹ́fẹ́. Ni mo bá fọwọ́ gbá tábìlì. Mo mọ "ńlá" ní èdè wọn, torí pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀rọ ìfọṣọ wa. Mo ní, "Yorùbá. Ńlá." Mo tún un sọ títí àwọn aláìsàn fi ń wò mí.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n mú fóònù jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan wá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi ni ògbufọ̀ yín." Yorùbá tó dán mọ́nrán. Wọn kì í gba nǹkankan lórí rẹ̀. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà tí ọmọ mi fi ń dúró lójú mi tó ń wo òkè àjà. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi mú un jáde. Wọ́n ní àwọn rò pé a kò fẹ́ ẹ, torí pé ọmọ wa wà pẹ̀lú wa, ó sì gbọ́n.

Màmá, ara mi gbóná. Mo ní kí ògbufọ̀ bi dókítà náà bóyá ó bímọ. Ó ní òun bí. Mo ní kó bi í, tí ọmọ tirẹ̀ bá gbọ́n, ṣé òun ló máa rán kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò ní í bí àbúrò fún un mọ́. Ògbufọ̀ ní, "Ìyá, ṣé kí n túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Mo ní kó má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Dókítà ń wo bàtà rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ.

Mo ní kí wọ́n fi fóònù náà bá mi pe olùkọ́ ọmọ náà pẹ̀lú, kí ògbufọ̀ túmọ̀ fún wa. Mo ti rí ìyókù aṣọ tí ẹ ní kí n béèrè. Olùkọ́ ti sọ ọ́ láti oṣù kìíní pé ọmọ náà ń pa ilé ìwé jẹ, pé ó ń sùn lórí tábìlì, pé kí a dákun wá ẹlòmíràn tí yóò máa túmọ̀ fún wa. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó sọ ọ́ fún mi. Ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ fẹjọ́ ara rẹ̀ sun?

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ fún yín, mi ò sọ ọ́ níbí.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

O kú ìgboyà. Èyí tí o wí fún dókítà yẹn, mo kà á sí etí nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́, kó gbogbo rẹ̀ wá síbí. Èjìká mi ti gbó, ó ń gbẹ́rù.

Inú ṣì ń bí mi sí wọn. Mo rò ó lórí ẹ̀rọ, mo ń sọ̀rọ̀ sókè, oníbàárà kan rò pé òun ni mo ń bá wí, ó ní òun á wá gba aṣọ òun lọ́la bó ṣe wà. Kì í ṣe ọmọ tiwa nìkan ni. Ọmọ mélòó ló ń dúró lójú ìyá wọn báyìí, tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ lókè àjà? Wọ́n lẹ ẹ̀tọ́ mọ́ ògiri, wọ́n ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Orúkọ yẹn, bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ Agbẹnusọ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ, lọ kọ́ èdè náà. O ti mọ "rárá", o ti mọ "ńlá", ìyókù kò jìnnà.

Mo tú aṣọ kéékèèké mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má sunkún. Mo tún wọn gé, mo fi wọ́n rán aṣọ fún ọmọlángidi Abẹ́rẹ́. Tó bá ní òun ti dàgbà jù fún ọmọlángidi, sọ fún un pé mo ní kò tíì dàgbà jù fún ohunkóhun.

Kó kọ̀wé sí mi. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn ilé ìwòsàn lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á bá mi tẹ ọkọ rẹ láago lọ́jọ́ náà, á sì kígbe rẹ̀ sí mi létí. Ní ti Abẹ́rẹ́, ìsọkúsọ ni mo fẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò ní í sùn títí mo fi máa gbọ́.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Màmá àgbà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí n kọ ìsọkúsọ, òun nìyí.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì wa tó lè fi imú mu omi. Olùkọ́ ní kó má ṣe é mọ́, ó tún ṣe é. Eyín mi kan ti yọ, mo fi í pamọ́ sínú páálí ìṣáná, ológbò ará ilé kejì gbé páálí náà lọ. Mo ti lè fi ẹsẹ̀ kan fo okùn. Ọmọlángidi mi ti gba àwọn aṣọ rẹ̀, ẹ ṣeun. Aláwọ̀ ewé yẹn fún un níkùn, mo ti ní kó dín oúnjẹ kù.

Mo kọ́kọ́ bínú sí yín torí pé ẹ sọ ọ́. Mi ò bínú mọ́.

Mọ́mì ti ń rìn láìdi ògiri mú. Wọ́n ń lọ kọ́ èdè ibí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ sódì. Lánàá wọ́n fẹ́ sọ fún onílé pé òrùlé ń jò, wọ́n sọ fún un pé fìlà rẹ̀ ń jò. Onílé yọ fìlà, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Mi ò bá wọn tún un ṣe, torí pé ẹ ní mi ò gbọdọ̀ ṣe agbẹnusọ mọ́, ṣùgbọ́n mo ní láti lọ fi orí mi pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Báyìí wọ́n ń pè mí kí n wá fọ abọ́. Mo ní ẹ̀tọ́ mi ni kí n kọ lẹ́tà sí yín tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ sí ilé ìwòsàn. Ògbufọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó fún mi ní súìtì. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Dókítà ní kí n lọ ṣeré níta. Mo wo ojú Mọ́mì. Mọ́mì ní, "Abẹ́rẹ́, jáde." Mo jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ẹja wà nínú gíláàsì níbi tí mo jókòó sí, ọ̀kan ń lé ìrù ara rẹ̀, mo ń wò ó. Nígbà tí Mọ́mì jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a rìn lọ sílé, wọ́n ra bàlúùnù fún mi lójú ọ̀nà.

Màmá àgbà, mi ò mọ ohun tí dókítà sọ.

Èmi ni, Abẹ́rẹ́ yín.